Abọ́ Àkọ́jẹ Lẹ́nu Fèrèsé

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé olórí alásè ilé-iṣẹ́ fóòmù kì í jẹ oúnjẹ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ sè mọ́, nítorí pé ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé fóòmù, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ bò ó, ó gba ẹnu géètì jáde sí àdúgbò, kí ó sì tó dé etí tèmi, ó ti hu ìwo, ó ti yọ ìrù. Kí n má purọ́ níwájú Ọlọ́run, mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Obìnrin tó ti sanra fún ogún ọdún, tó wá fọn láàárín oṣù mẹ́jọ bí aṣọ tí wọ́n fún omi ara rẹ̀ dànù, tó tún ń fi ṣíbí yí oúnjẹ ká nínú abọ́ bí ẹni ń wá òrùka tó jábọ́, kí lẹ fẹ́ kí èèyàn rò? Ìdí gidi tí kì í fi í jẹ ẹ́ mọ́, ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ ọ́n.

Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ilé ìdáná nígbà náà, bó bá sì rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ló ń bá a rẹ́rìn-ín. Ìkòkò mẹ́fà ló ń gbé kaná láràárọ̀ fún igba òṣìṣẹ́. Ó mọ ẹni tí kì í jẹ ata. Ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, torí pé onítọ̀hún á máa rọra bi í bóyá ó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìkòkò tóun lè gbé relé.

Òfin kan wà nílé oúnjẹ wọn tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Kí Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀ tó di olórí alásè, alásè kan ti fi ẹran tó bàjẹ́ se ọbẹ̀ rí, ìgbẹ́ gbuuru sì dá ogójì èèyàn dùbúlẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti là á kalẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, kí olórí alásè bu abọ́ kan kíkún, kí ó dúró lẹ́nu fèrèsé tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, kí ó sì jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo ẹni tó tò sórí ìlà. Abọ́ àkọ́jẹ ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti fi ṣíbí kan ìdí abọ́ tó ṣófo, kò-kò-kò, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀ fi jẹ abọ́ yìí. Ó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn yòókù, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Òun, ọ̀nà ọ̀fun òun ni.

Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kì í ṣe aláwàdà. Àtọ̀gbẹ mú un, ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, ó di pé bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, yóò jókòó sórí ìkẹrin. Dókítà ní kí ó jẹ́ kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí àwọn gé agbẹ̀du tó ń gba oúnjẹ dúró kù, bí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa gbé e lọ ilé ìwẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́. Ó gbàdúrà sí i fún oṣù mẹ́ta. Ó gba ìsinmi rẹ̀, ó wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ohun tó kù nínú rẹ̀ tó lè gba oúnjẹ kò ju ẹyin ńlá kan lọ.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin nìkan ló mọ̀. Fún gbogbo ayé yòókù, ó ní ààwẹ̀ àti àdúrà ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu ayé. Bí èèyàn bá sanra, wọ́n á ní alájẹkì ni. Bó bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ó kúkú mọ̀ pé irọ́ lòun pa, torí lọ́jọ́ tí àwọn ìyá ìjọ wá bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń gba irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwẹ̀ ló sá wọ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ilé ìwòsàn náà ní ẹgbẹ́ kan fún àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Sátidé ni wọ́n ń pàdé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, tí àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kán lẹ́sẹ̀ gba igun rẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága wọn, òun náà ti ṣe é, bó sì ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń dunni bí abẹ́rẹ́. Òfin ló fi ń ṣí ìpàdé, ṣáájú àdúrà pàápàá: "Ohun tá a bá sọ níbí, ẹni tá a bá rí níbí, ó parí síbí." Gbogbo wọn á gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n á búra.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀ débẹ̀, ta ló rí lórí àga ike? Sítọ́kípà ilé-iṣẹ́ fóòmù fúnra rẹ̀, ọkùnrin tó ń wọn ìrẹsì àti òróró fún un láràárọ̀! Ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń yìn pé eré sísá ló fi lé ikùn lọ, tó máa ń fi bàtà eré kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ kí aráyé lè rí i. Wọ́n wo ara wọn bí olè méjì tó pàdé nínú ilé kan ṣoṣo.

"Àbúrò mi, bàtà eré yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ààwẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alága fi lu tábìlì.

Ẹgbẹ́ máa ń fún ẹni tuntun ní ìkejì, ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí yóò máa gbà á nímọ̀ràn. Sítọ́kípà ni wọ́n fún un. Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ó ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ kó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó rún ẹnu kọ̀ọ̀kan nígbà ogún kó tó gbé e mì. Òun ló sọ fún un pé irun tó ń já sórí ìrọ̀rí yóò padà hù, àti pé awọ apá tó ń fì bí àpò òfìfo kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibi iṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n rí. Á wọn ìrẹsì tán, á ní, "Ẹ fọwọ́ sí ibí, Màmá," á sì kọjú sí ògiri.

Abọ́ àkọ́jẹ wá di wàhálà. Ìyá kọ́kọ́ ń dọ́gbọ́n sí i. Á mú abọ́ tó tẹ́jú, á fi ṣíbí tú ìrẹsì kó lè ga, á jẹ ẹnu mẹ́rin, á yára yípadà da ìyókù sẹ́yìn, á wá kan ìdí abọ́. Ojú àwọn tó wà lórí ìlà kò kúkú fọ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ni agbẹnusọ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀, ṣé ẹyẹ lẹ dà ni? Ẹ̀ ń ṣà á jẹ!"

"Gbé abọ́ ẹ wá jàre."

"Rárá o, ẹ jẹ tiyín tán ná! Òròbó di lẹ́pa, kò sọ ohun tó rí nínú ọbẹ̀ fún wa!"

Ìlà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ti ń gbé oúnjẹ wá láti ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ yẹn sì dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn kiri. Mánijà ránṣẹ́ pè é. Ó ní bí abọ́ náà kò bá ṣófo lójú gbogbo èèyàn kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, òun máa fi ẹlòmíràn ṣe olórí alásè, ìyá á sì padà sídìí abọ́ fífọ̀, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọmọge.

Ó pe ìkejì rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀gbọ́n, ẹnu wọn á wọlé," ni Sítọ́kípà wí. "Èmi náà jẹ odindi abọ́ nílé àna mi lọ́jọ́sí, kò sóhun tó ṣe mí."

Ohun tí kò sọ ni pé iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún, ti ìyá kò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ìyá náà kò béèrè. Ojú ń kán an.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló jẹ ẹ́. Ẹlẹ́rọ ń ka ṣíbí fún un lóhùn rara bí ẹni ń ṣe adájọ́ eré ìje. Nígbà tó ka méje, òógùn ti bo ìyá. Nígbà tó ka mẹ́sàn-án, nǹkan ti dí i láyà gbọn-in bí ìdérí igò. "Mọ́kànlá! Méjìlá!" Ó kan ìdí abọ́, kò-kò-kò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ na abọ́ rẹ̀ síwájú. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti padà wá, lẹ́nu fèrèsé, lójú igba èèyàn, sínú abọ́ ẹni náà àti sórí ọwọ́ rẹ̀.

"Májèlé!" ni ẹnì kan ké. Lọ́jọ́ náà, ìkòkò mẹ́fà ni wọ́n dà nù, ẹnikẹ́ni kò sì jẹun.

Ní Sátidé, ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ẹgbẹ́. Ó ní Mánijà ti pe òun fún ọjọ́ Ajé, ó sì bẹ̀ wọ́n kí ẹnì kan péré bá òun lọ, kí ó sọ pé bó ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn, pé kì í ṣe májèlé. Gbogbo wọn ń wo bàtà wọn.

"Ẹ ti fẹ́ kó wa síta," ni Alága wí. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ níṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dáàbò bò?"

"Alága, mi ò ní kí gbogbo yín wá. Ẹnì kan ni mo ní."

"Ẹnì kan náà lórúkọ."

Ìyá yíjú sí Sítọ́kípà. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo ṣáà ní kí n jẹ ẹ́."

"Ẹ má fà mí mọ́ ọn o! Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò rí oúnjẹ látọdún tó kọjá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín pẹ́kẹ́. Alága ní kí wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà, kí wọ́n tún búra, pé ẹni tó bá dárúkọ ẹlòmíràn níta, ìdààmú tó bá bá ẹni yẹn á padà wá bá òun náà. Ìyá gbọ́wọ́ lé àyà bíi tiwọn. Ó búra. Ẹni tó ti parọ́ ààwẹ̀ mọ́ Ọlọ́run kò tún fẹ́ fi ìbúra èké kún un.

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì Mánijà lọ́jọ́ Ajé, Ẹlẹ́rọ ti wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Sítọ́kípà náà wà níbẹ̀, wọ́n pè é kó wá jẹ́rìí sí ohun tó kó fún alásè. Ìyá kò jókòó. Ó fi ìwé dókítà lélẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí orúnkún títí dórí fèrèsé.

"Iṣẹ́ abẹ kẹ̀!" Ẹlẹ́rọ pariwo. "Ààwẹ̀ lẹ sọ fún ìyàwó mi! Ó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ nítorí yín, ọjọ́ kẹrin ló dákú lójú títì!"

"Irọ́ ni mo pa. Mo ti bẹ Ọlọ́run. Màá wá bẹ ìyàwó ẹ."

"Ẹni tó parọ́ ààwẹ̀, kí ló ní kó má parọ́ iṣẹ́ abẹ?"

Mánijà yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Màmá, ìwé yìí sọ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín. Kò sọ pé òun ló mú yín bì. Bí ẹnì kan tó ti ṣe irú ẹ̀ bá lè dúró síwájú mi kó sọ pé bó ṣe ń rí nìyẹn, òní yìí ni màá fagi lé òfin abọ́ àkọ́jẹ, ẹ ó sì padà sídìí ìkòkò yín. Ṣé ẹ mọ ẹnì kankan?"

Sítọ́kípà ń fi èékánná ha nǹkan kan tí kò sí lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo mọ ẹnì kan," ni ìyá wí.

"Ta ni?"

"Mo ti búra pé mi ò ní sọ."

"Ẹ gbọ́ o!" Ẹlẹ́rọ pàtẹ́wọ́. "Ẹlẹ́rìí ń bẹ, orúkọ ni kò ní!"

Mánijà kọjú sí Sítọ́kípà. "Ìwọ, kí lo rí sí i?"

Sítọ́kípà wúkọ́. "Ọ̀gá, ìrẹsì tó jáde ní sítọ́ọ̀ mi dára, òróró dára, ẹran dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n dé inú ìkòkò, èmi kọ́." Ì bá dákẹ́ síbẹ̀, ohun tó sọ náà ì bá ti tó o. "Àti pé àwọn tí mo gbọ́ pé wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn, wọ́n ń jẹ odindi abọ́, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Ìyá Rọ̀bọ̀tọ̀ wò ó. Ó mọ iye àpá tó wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá ṣi wàrà mu, orí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò ti gba ìpè lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, iṣẹ́ rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ kí agogo oúnjẹ tó lù. Ọ̀rọ̀ náà gùnkè dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì, ọ̀rọ̀ náà sì dúró síbi tó gbé e mì sí.

"Àwọn tẹ́ ẹ gbọ́ nípa wọn yẹn," ó wí, ó fi "ẹ" sí i fún un bí àlejò, "bẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹ bá mi kí wọn."

"Kí lẹ̀ ń kí?" ni Ẹlẹ́rọ wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu abọ́ kan wá! Kó jẹ ẹ́ níbí, lójú wa! Tó bá tún bì, a gbà pé iṣẹ́ abẹ ni!"

"Tí mo bá kú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kúkú sè é!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì!" Mánijà na ọwọ́ sókè. "Màmá, ohun tá a máa ṣe nìyí. Ẹ máa wà nídìí abọ́ fífọ̀ fún oṣù mẹ́ta ná, lẹ́yìn náà tí ara yín bá ti..."

Ìyá ti ń tú kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná kúrò létí ìró rẹ̀. Ó gbé e lé orí ìwé dókítà.

"Ọ̀gá, abọ́ yín nìyẹn. Ẹ fún ẹni tí ikùn rẹ̀ bá gbà á."

"Màmá, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi."

"Ẹ máa bá a lọ, ọ̀gá."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́rọ ń pariwo pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá, Mánijà ń lu tábìlì, Sítọ́kípà sì dìde lórí àga, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá jókòó, ẹ jẹ́ ká..." Ìyá fa ilẹ̀kùn dé kó tó gbọ́ èyí tó kù.