Gáùn Tí Èmi àti Bàbá Mi Jọ Rán

Òórùn méjì ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi nílé wa ní Ìpáò: òórùn kánfọ̀ tó fi ń tọ́jú aṣọ, àti ti òróró tó máa ń kán sínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dúdú, wọ́n fi àwọ̀ góòlù ya òdòdó sí i lára, ọwọ́ la fi ń yí i. Abẹ́ fèrèsé ló máa ń wà, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i lórí dáadáa. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin yẹn de èmi, ó sì de bàbá mi pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló fi alùpùpù gbé e wá láti Ọ̀tùn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn.

Ìwọ náà á rántí bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, tí gbogbo olùkọ́ sì ń sáré wá ìwé ẹ̀rí kún ìwé ẹ̀rí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi. Nígbà tí a gba ọlidé gígùn lọ́dún yẹn, ó pọn àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú, ó lọ kàwé ní Ìbàdàn, ó di èmi àti bàbá mi nìkan nínú ilé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò o. Ọ̀rọ̀ ni kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ kí i, á ṣàdúrà fún mi, á mú àdá, ó di oko kòkó. Nírọ̀lẹ́, á bi mí bóyá mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹun. Ká tó rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, ilẹ̀ á ti tún mọ́. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òrùlé wà lórí ilé ni mo ṣe mọ̀ ọ́n, láì gbójú sókè wò ó.

Ìkórè àwọn ọmọdé ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sì ti yàn mí pé kí n ka odidi Sáàmù kan lórí níwájú ìjọ. Ó ní gbogbo ọmọbìnrin tó bá máa jáde gbọ́dọ̀ wọ gáùn aláwọ̀ ìyeyè, kí bóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n ń so bíi labalábá tó na ìyẹ́. Ìyá mi ti ra aṣọ náà sílẹ̀ kó tó lọ, ó sì ti bá aránṣọ ìlú wa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, tí bàbá mi gbé aṣọ náà dé ilé aránṣọ, ìyá ìkókó ló bá níbẹ̀. Aránṣọ náà fúnra rẹ̀ ló bí lóròwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Omi wà lórí iná, àwọn ará ilé ń kọrin ọpẹ́. Bàbá mi kí wọn kú ewu, ó jókòó díẹ̀, ó sì gbé aṣọ náà padà wálé lábẹ́ abíyá.

Mo rí ọ̀rá aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, nítòsí ibi tí a ń sá kòkó sí. Sáàmù yẹn ti wà lórí mi pátá, àwọn adìẹ wa pàápàá ti gbọ́ ọ sú. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá rí gáùn wọ̀, ọmọ mìíràn ni tíṣà máa fún kà. Ó ṣe díẹ̀, bàbá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi, nítorí náà “Ìyá mi” ló ń pè mí.

Ó ní, “Ìyá mi, ẹ̀rọ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń ki òwú bọ̀ ọ́?”

Lọ́jọ́ kejì kò lọ sóko. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, ó fi aṣọ ìnura nù ún, ó sì wọ yàrá ìyá mi bí ẹni tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó tẹ́ ẹní, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí n na apá méjèèjì, kí òun fi ṣọ́ọ̀kì yí mi ká, bí ẹni ń sàmì sí ààlà oko. Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wojú rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé ọ̀kan nínú eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kán. Mo ti ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀ pé eyín rẹ̀ kán.

Mo sọ fún un pé aṣọ àtijọ́ ni ìyá mi fi ń wọn tuntun. A mú gáùn mi kan tó ti há, a tú u ní gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti rán an, a tẹ́ ẹ lórí aṣọ tuntun náà, a wá gé e. Àyè tí bàbá mi ní kí a fi sílẹ̀ yí i ká pọ̀ gan-an. Ó ní òun kò mọ ibi tí mo ń dàgbà lọ. Èmi ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, òun ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ìka rẹ̀ le koko, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sì ń fà mọ́ wọn. Ibi tí a kọ́kọ́ rán wọ́ kọrọkọrọ bí ipa ọ̀nà odò. Èyí tó tẹ̀ lé e gún dáadáa, àfi pé a ti yí ojú aṣọ sí inú, a sì tún un tú. Kò bínú. Ó fi etí abẹ́ fẹ́lẹ́ ń yọ òwú náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ dànù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń wò, kò wojú mi. Ó sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀ tí wọ́n ní mo jọ, bó ṣe máa ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó sọ bí eyín yẹn ṣe kán, lórí igi ọsàn olọ́sàn. Nígbà tó yá, mo bi í bóyá ó ti rí bóò rí, torí pé mò ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ó dá abẹ́rẹ́ dúró.

“Bóò ni mo kọ́kọ́ rí lára ìyá rẹ,” ló wí, “kí n tó rí ojú rẹ̀.”

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀tùn ni wọ́n wà. Ìyá mi jókòó síwájú rẹ̀, bóò ẹ̀yìn gáùn rẹ̀ ti tú, etí ọ̀já náà sì bọ́ kọjá àga sórí orúnkún bàbá mi. Ó ní òun ń ro bí èèyàn ṣe ń sọ fún arábìnrin tí kò mọ̀ rí pé aṣọ rẹ̀ ń tú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọ̀tùn kó tó lanu. Ìyá mi yíjú padà, ó bi í pé láti ìgbà wo ló ti rí i, ó sì jẹ́wọ́ pé láti Ìkọ̀lé ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé dẹ́rẹ́bà wẹ̀yìn. Mo ní kí ló wá ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní kí n máa yí ẹ̀rọ.

Nígbà tí a rò pé a ti parí, mo gbé gáùn náà wọ̀, orí mi kò gba ibi ọrùn rẹ̀ kọjá. A ti gbàgbé ojú síìpù. Mo dúró nínú aṣọ, apá mi nà sókè, mi ò rí nǹkan kan, mo kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń rìn yí mi ká. Ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó fi àlùmọ́gàjí la ẹ̀yìn rẹ̀. Àlùmọ́gàjí náà mú ju bó ṣe rò lọ. Ó là á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Àwa méjèèjì ń wo ihò náà. Omijé ti kún ojú mi.

Ó bi mí pé, “Níbo ni tíṣà yín ní kí bóò wà?”

“Ẹ̀yìn ni, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ó máa tóbi.”

A fi bọ́tìnnì kan de ọrùn, a rán etí ibi tó là, ìyókù aṣọ la fi ṣe bóò. Ó kọ́kọ́ so ó bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ó di kókó kan. Ó tú u, ó tún un so, ó ní kí n dúró, ó rìn sẹ́yìn lọ wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó wá jọ labalábá, ńṣe ni ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Mo fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ po omi, a rì í bọ̀ ọ́, a sá a, bàbá mi sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ó fi dúró ṣánṣán. Ó fẹ̀ ju ẹ̀yìn mi lọ lọ́tùn-ún lósì.

Lọ́jọ́ Ìkórè, bàbá mi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wá síwájú. Mo ka Sáàmù náà, mi ò ṣì í. Nígbà tí mo yí padà láti lọ jókòó, tí gbogbo ìjọ rí ẹ̀yìn mi, ariwo kékeré kan sọ láàárín àwọn ìyá. Wọ́n bi mí lẹ́yìn ìsìn pé aránṣọ wo ló rán an, ṣé láti Adó ni. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n rò pé mò ń ṣeré, wọ́n wo bàbá mi, ó sì ń wo bàtà rẹ̀. A yà kí ìyá ìkókó nígbà tí à ń lọ sílé. Aránṣọ náà fi ìka kan gbé bóò mi sókè, ó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó dá a padà síbi tó wà, ó sì di ikùn rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú uṣẹ́. Ẹ ó máa wá bá mi rán díẹ̀ títí ara mi á fi le.”

Nígbà tí ìyá mi dé láti Ìbàdàn, inú gáùn náà ló kọ́kọ́ yí síta. Ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìṣẹ́tí. Ó wá lọ bá bàbá mi lẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pẹ́, irú èyí tí mi ò gbọ́ rí nílé wa. Mo wọ gáùn yẹn títí ó fi gun orúnkún mi kọjá. Bàbá mi kò rán aṣọ mìíràn mọ́ títí dòní.

Ìlú Èkó ni mò ń gbé báyìí. Tí mo bá pe bàbá mi lórí fóònù, “Ulé ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́?” ló máa ń bi mí, ó parí nìyẹn. Àwọn àbúrò mi a máa ní Dádì kì í sọ̀rọ̀. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Láti ọdún gáùn yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan ṣe. Tí mo bá délé ní Ìpáò, n kì í jókòó sí pálọ̀ kí n máa wojú rẹ̀. Ẹ̀gúsí ni mo máa ń rà lọ́nà, èyí tí wọn kò tíì bó. Màá gbé e sí àárín àwa méjèèjì, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kì í pẹ́ tí bàbá mi á fi sún àga rẹ̀ mọ́ mi.