Bí Mo Ṣe Jó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mi Pọ̀

Èmi ni mo jó o. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí irọ́ ni mo pa fún àwọn tó kọ́kọ́ bi mí. Mo ní mẹkáníìkì mi ló bà á jẹ́. Wẹ́dà ni mí, géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo ń ṣe ní Agége, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi jó ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jó.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ ọ̀hún, ilẹ̀kùn méjì péré, ẹ́ńjìnnì níwájú, àmọ́ táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Kò wọ́n, torí ẹni tó bá ti níyàwó ò ní rà á: ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Àwa tí a ní irú rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, àdúrà àárọ̀ wa níbẹ̀ sì ni, "Ọkọ̀ yìí ṣì ní nǹkan nínú." A gbà pé agbára kan fara sin sínú rẹ̀ tí àwọn òyìnbó tó ṣe é ò rí, tó jẹ́ pé àwa ará Ìkẹjà la máa bá wọn yọ ọ́ jáde. A gé sípíríǹgì kó lè lọ sílẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, gbogbo bọ́ǹpù títí dé Abúlé Ẹ̀gbá ló ń ha á nínú. A yọ sáílẹ́ńsà, ó wá ń dún bí jẹnẹrétọ̀ tí ikọ́ ń ṣe. Ariwo nìkan ló yára sí i.

Ó wá ku dífù. Dífù ni àpótí irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, òun ló ń jẹ́ kí táyà kan yí ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà. Mo lọ bá mẹkáníìkì mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìsọ̀ wọn ò jìnnà sí tèmi; ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ẹgbẹ́ wa ń gbé mọ́tò lọ. Wọ́n jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tú dífù yẹn. Mo fẹ́ jó inú ẹ̀ pọ̀, kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀. Tí mo bá ti ya kọ́nà báyìí, ẹ̀yìn á kàn máa yọ̀ bọ̀rọ́."

"Yọ̀ bọ̀rọ́? Ẹja àrọ̀ lo fẹ́ máa wà ni, àbí mọ́tò?" Wọ́n pòṣé. "Mi ò ṣe. Irin inú ẹ̀ kì í ṣe irin géètì. Á fọ́, tó bá sì fọ́, èmi ni wọ́n máa ní mo tún un ṣe."

Mo ní ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n lọ kírun Jímọ̀, mo fi jáàkì wọn gbé ọkọ̀ sókè, mo ṣí ìdérí dífù, mo sì jó àwọn eyín inú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń jó ẹsẹ̀ géètì. Nígbà tí wọ́n dé, mo ti ń fọwọ́. Wọ́n wò mí. "Ó dọwọ́ ẹ, Wẹ́dà."

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ya kọ́nà ní Allen, táyà á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ́rùn. Àwọn tó dúró níwájú báńkì á yíjú. Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹgbẹ́ wa pàdé nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì. Mo yí ọkọ̀ po, eruku sọ, wọ́n ń hó. Mo tún yí i. Gbàù! Táyà ẹ̀yìn gan pa. A ṣí dífù: eyín ti dà sínú ọ́ìlì, ojú ibi tí mo jó sì là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn mú àfọ́kù irin kan. "Ta ló jó pálapàla yìí?"

Ẹni tó ń bèèrè yẹn ló fẹ́ gbé iṣẹ́ géètì ilé bàbá rẹ̀ fún mi.

"Mẹkáníìkì mi ni," mo ní. "Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n ṣe."

Ká tó tú ká, ó ti wà lórí Wọ́sáàpù: Ẹ má gbé mọ́tò yín lọ sí ìsọ̀ mẹkáníìkì yẹn mọ́ o.

Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wá bá mi ní ìsọ̀. "Wẹ́dà, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ aláriwo yẹn dà? Mi ò rí wọn mọ́."

"Bóyá wọ́n rìnrìn àjò ni, ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé Mẹ́kà ni wọ́n lọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ abẹ́ ọkọ̀ mi, torí wọ́n ti bá mi wá dífù àlòkù kan rí. Mo bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú.

Mo ṣe géètì ilé bàbá ọ̀hún, ó dára, àwọn onílé ń yìn mí. Mo ti gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù láti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, mo sì pa á rẹ́ kó tó lọ. Òótọ́ tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n ò gùn ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti gbọ́ ọ. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ò tíì gbọ́, ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n sì ṣì dá páropáro.