Kátíríìjì Tí Mo Yàn fún Bàbá Mi

Ìbọn bàbá mi fúyẹ́. Ọwọ́ kan ni mo fi máa ń gbé e kúrò lára ògiri. Wọ́n ní kò yẹ kí obìnrin máa fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì wà ní Àbíjáǹ bí ọmọ Ẹ̀jìgbò yòókù, èmi tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kù nílé. Èmi ni mò ń nu ìbọn. Èmi náà ni wọ́n ń rán lọ ra kátíríìjì.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni. Kátíríìjì ẹyọ kan ló ń gbà, bí o bá sì yìn ín tán, àfi kó o yọ èèpo rẹ̀ kó o tó ki òmíràn. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ní ọta méjì kì í fara balẹ̀ wo ẹran. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìbọn tó fúyẹ́ máa ń gbáni léjìká bí a bá yìn ín. Èyí tó wúwo á gba díẹ̀ nínú ìyà náà mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí tó fúyẹ́, èjìká ẹni ló ń gba gbogbo rẹ̀.

Ọta tó wà nínú kátíríìjì kò sì dọ́gba. Ti àparò kò ju kóró ata lọ. Ti ẹtu tó ọkà bàbà. Ti àgbọ̀nrín tóbi tó àgbàdo, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ń kó sínú ẹyọ kan. Bàbá ò mọ̀wé, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀: pupa ni ti àgbọ̀nrín. Bí wọ́n bá lọ rà á fúnra wọn, wọ́n á tún gbé e sétí, wọ́n á mì ín, nítorí ọta ńlá àti ọta kékeré kì í dún bákan náà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀kadà gbé Bàbá ṣubú lọ́nà Ola, eegun èjìká ọ̀tún sì ṣẹ́. Bàbá kan tó ń to eegun bá wa tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wa. "Nǹkan ò gbọdọ̀ gbá wọn níbí yìí mọ́ o. Bó bá tún ṣẹ́, ẹ má gbé wọn wá bá mi." Bàbá mi kì í gba ìkìlọ̀. Ìyá mi ní èmi náà jọ wọ́n, n ò tíì gbà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àgbọ̀nrín kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko ẹ̀wà wa lọ́nà Isundunrin. Ó ń jẹ ewé ẹ̀wà bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Bàbá lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí wọn.

"Tíṣà, bá mi ra pupa méjì."

"Bàbá, èjìká yín ńkọ́?"

"Mo ní pupa méjì. N ò ní kó o bá mi ra èjìká."

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a ti ń rà á. Ó ti pẹ́ ní Àbíjáǹ kó tó padà wálé, gbogbo obìnrin ló ń pè ní tàǹtí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, ó gbé páálí méjì kalẹ̀, pupa sì ni àwọn méjèèjì.

"Tàǹtí, pupa ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n yàtọ̀. Èyí, ti àgbọ̀nrín ni. Èyí, ti ẹtu ni, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ti ẹtu yìí lè pa àgbọ̀nrín?"

"Bí wọ́n bá súnmọ́ ọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó pọ̀ pọ̀, ogún. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kàn dá egbò sí i lára ni."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ìyẹn á pa á ní ogójì ìṣísẹ̀. Àmọ́ nínú ìbọn tó fúyẹ́ báyẹn, tàǹtí, á gbá wọn gan-an o."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ débi pé ó gbé àga fún mi. Mo ro ti oko ẹ̀wà. Mo ro ti eegun tí mo fi ojú ara mi rí nígbà tí wọ́n ń tò ó, tí Bàbá fi eyín di aṣọ mú kí igbe má baà jáde. Lójú mi nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà ò le rárá: kí Bàbá súnmọ́ ẹran ni, ó parí. Mo ra ti ẹtu méjì, mo sì pinnu pé bí mo bá délé màá sọ fún wọn.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó pé ó pupa, wọ́n sì sọ ọ́ sínú àpò ọdẹ. Wọn ò mì ín. Mo dúró kí wọ́n mì ín, torí bí wọ́n bá mì ín ọ̀rọ̀ á tú fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní mì ín ni?"

"Kí n máa mi ohun tó wá láti ọwọ́ rẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn ọdẹ wa, ẹni tó bá fi nǹkan sínú àpò ọdẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fi síbẹ̀, nítorí ohun tí ọdẹ rò pé òun ní lọ́wọ́ ló ń gbójú lé. Mo mọ òfin yìí dáadáa. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá sọ, wọ́n á gun ọ̀kadà lọ ra ti ńlá ni.

Ìyá mi ní kí n bá wọn lọ, torí èjìká. A sùn ní ahéré, a sì jókòó sẹ́yìn igi kan nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Àgbọ̀nrín náà jáde láti ẹ̀bá odò, ó rọra ń bọ̀, ó dúró. Mo fojú wọn ibẹ̀. Kò dín ní ìṣísẹ̀ márùndínlógójì. Bàbá gbé ìbọn sókè. Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó súnmọ́," ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Bísímílà," wọ́n sì yìn ín.

Ẹran náà fi orúnkún iwájú kanlẹ̀. Ó dìde. Ó sá wọ igbó.

Bàbá fọwọ́ pa èjìká wọn. "Ìbọn yìí ò tiẹ̀ gbá mi," ni wọ́n sọ, ó yà wọ́n lẹ́nu. Mo ti ń sáré lọ síbi tí ẹran náà ti dúró. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé ẹ̀wà, ó kán díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nílẹ̀, ọdẹ kì í padà sílé. Bó gba ojúmọ́ méjì, á tọ̀ ọ́ títí á fi rí i, kí ẹran má baà jẹ̀rora kú lásán. Bàbá á wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún yẹn pẹ̀lú eegun tí ò tíì le. Bí wọ́n bá sì rí ẹran náà, ihò kéékèèké ara rẹ̀ á sọ irú ọta tó wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀?" Bàbá pè láti ìdí igi.

"Kò sí, Bàbá."

Wọ́n gbé ìbọn kalẹ̀. "Mo tàsé," ni wọ́n sọ. "Pẹ̀lú ọta àgbọ̀nrín. Ojú mi ti lọ."

Lọ́jọ́ kẹta, igún ń rà bàbà lókè odò. Ojú tí wọ́n ní ó ti lọ yẹn ló kọ́kọ́ rí wọn. "Ẹran ẹnì kan ló kú sọ́hùn-ún," ni Bàbá wí. Mo ń ro oko ẹ̀wà lọ, mi ò gbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò gbé ìbọn mọ́. Àwọn àgbẹ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn wá bẹ̀ wọ́n nítorí ẹran tó ń ba oko wọn jẹ́, Bàbá ní kí wọ́n lọ wá ẹni tó ń ríran. Nígbà tó yá Bàbá ò lọ sóko mọ́. Wọ́n á ní kí a di ọwọ́ wọn mú lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa tẹ ilẹ̀ wò bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Ọdún mẹ́ta. Ó dùn mí, ojú sì ń tì mí, síbẹ̀ n ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò lọ síbì kankan, inú ilé ló jókòó sí, ó ń bá wa jẹun.

Mo mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Nọ́ọ̀sì ní ojú Bàbá dára ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín sí i. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ló ń purọ́. Mo yin ọta pupa sí àgbọ̀nrín tó dúró gbagidi, mo tàsé."

Bí a ṣe délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn lọ́ọ̀dẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páálí méjì dé orí ewé ẹ̀wà.

Bàbá tẹjú mọ́ mi. "Ẹ̀jẹ̀ wà?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ibo ló bà?"

"Mo rò pé ẹ̀yìn èjìká ni. Ẹ ò tàsé. Ẹ ò tàsé rárá."

Omi jáde lójú wọn. Mo rò pé ayọ̀ ni, àbí mo fẹ́ kó jẹ́ ayọ̀. Wọ́n dìde, wọn ò wá ọwọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú oòrùn, wọ́n dúró síbẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, mo tún kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Ti kátíríìjì, mo ti dárí jì ọ́," ni Bàbá wí. "Èjìká mi lò ń rò. Ti ọdún mẹ́ta yìí náà, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀. Ẹran yẹn ni kó o lọ bẹ̀."

Mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹran láti ìgbà náà. N ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.