Wolé-wolé àti Orò Òyìnbó Rẹ̀

Nígbà tí Díákónì Joel Ìbíyẹmí fi máa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé lọ́dún 1989, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí àmù kan láàárín Fìdítì sí Ìlọrá tí kò tíì yọjú wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ agboolé onílé, kí ó ṣí ìdérí àmù, kí ó sì wá tanwíjí nínú omi tí wọ́n ń mu. Bí ó bá rí tanwíjí, inú rẹ̀ a dùn. Bí kò bá rí i, a tún wá a lábẹ́ àmù, nítorí pé kò gbà pé ilé kan lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ṣì wà láyé. Àwọn obìnrin Ìlọrá máa ń sọ pé ẹ̀fọn pàápàá mọ orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó sì kà á sí oyè.

Ìfẹ̀yìntì gba gbogbo àmù wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àmù ìyàwó rẹ̀, Dorcas, nìkan ló kù fún un, ó sì ń ṣí i láàárọ̀, ó ń ṣí i nírọ̀lẹ́, títí Dorcas fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá nǹkan mìíràn tí yóò máa yẹ̀ wò.

Nǹkan mìíràn náà wà nínú pálọ̀. Igi kan ni, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jóbẹ̀lẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un. Kò ní ewé kankan. Ara rẹ̀ ṣe kìtìkìtì, ó nípọn, ó ní ìhà bí eegun àyà màlúù, ẹ̀gún sì tò sára ìhà kọ̀ọ̀kan. Ó jọ orò tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣọgbà, àmọ́ nítorí pé inú ìkòkò òdòdó ló ń gbé, Díákónì Joel sọ ọ́ ní orò òyìnbó. Ó gbé e kúrò nínú òjìji pálọ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè rí i.

Láràárọ̀ Sátidé ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ó sì ń fi nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kẹrosíìnì ló fi pa tanwíjí inú gọ́tà jákèjádò Afijió nígbà iṣẹ́ rẹ̀. Kò rí ìdí tí kò fi yẹ kí ó tún fi lé ẹ̀fọn kúrò lára igi. Lẹ́yìn tí ó bá nù ún tán, ara igi náà a máa dán. Díákónì a fà sẹ́yìn díẹ̀, a sì wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tó yege.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àbàwọ́n jáde lára igi. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó le bí èèpo igi gbígbẹ, etí rẹ̀ sì funfun. Díákónì wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì kéde fún Dorcas pé lápálápá ni. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ni lápálápá náà. Láyé rẹ̀, kò tíì rí ìdọ̀tí kan tí kò mọ olówó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olówó èyí kò jìnnà. Kùdírátù, opó tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sìrájù, ni ó ń sá láfún sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Díákónì. Ilẹ̀ ẹbí Ìbíyẹmí ni àpáta náà, ìyá Díákónì tó ti dolóògbé ló sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìyá ọkọ Kùdírátù. Kò sí àpáta mìíràn nítòsí tí kò lólówó. Láfún yìí sì ni Kùdírátù fi ń bọ́ ọmọ, tí ó fi ń rán wọn lọ sílé ìwé.

“Ìyá Sìrájù,” ni Díákónì wí fún un lójú títì, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́, “òórùn ẹ̀gẹ́ rẹ ti ba igi mi lára jẹ́.”

“Òórùn kẹ̀, Bàbá? Òórùn a máa ba igi lára jẹ́?”

“Nínú èmi àti ìwọ, ta ló kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ́tótó?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá. Àmọ́ èmi ni mò ń ki ọwọ́ bọ omi ẹ̀gẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ara tèmi ṣì ń jọ̀lọ̀.”

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Díákónì kọrí sọ́dọ̀ Baálé Mùtàlíbù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí í ṣe olórí ẹbí, ó ní àfi kí wọ́n gba àpáta náà padà pátápátá. Baálé kì í fẹ́ ariwo. Ó ní kí Kùdírátù má ṣe sá nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi jókòó sí i ní Sátidé. Ẹ̀gẹ́ tí Kùdírátù ti rẹ sínú àgbá kò mọ ohun tí Baálé sọ. Ó rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdin. Kùdírátù sá díẹ̀ sórí ẹní lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀, èyí tó kù sì ń bu.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Díákónì ń fi kẹrosíìnì nu igi láàárọ̀ lálẹ́, kí àrùn má baà ràn. Àbàwọ́n ń gbilẹ̀. Bí ó ṣe ń gbilẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ ń sanra.

“Ṣebí Ìyá Sìrájù kò sá nǹkan síbẹ̀ mọ́,” ni Dorcas wí. “Ta ló wá ń bà á jẹ́?”

Díákónì ṣàlàyé fún un pé òórùn àtijọ́ ṣì wà nínú àpáta. Dorcas wọ inú ilé lọ.

Kí ẹjọ́ rẹ̀ má baà ní àléébù, Díákónì ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ànúolúwapọ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Awẹ́, pé kí ó wá jẹ́rìí. Ní Sátidé, ó gbé igi náà sórí àga níwájú Baálé àti àwọn ará ilé, ó sì ní kí ọmọ òun sọ fún wọn ohun tí òórùn ẹ̀gẹ́ ń ṣe.

Ànúolúwapọ̀ yí ìkòkò náà po. Àbàwọ́n wà níhà tó kọjú sí àpáta. Ó wà níhà tó kọjú sí ògiri pẹ̀lú. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀gún ti ṣù jọ tí ọwọ́ ènìyàn kò lè wọ̀, ara igi ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò ní àbàwọ́n kankan. Ó fi ìka kan ara rẹ̀ lókè, ó gbé ìka náà sí imú.

“Bàbá, kí lẹ fi ń nù ún?”

“Kẹrosíìnì. Kí ẹ̀fọn má baà bà lé e.”

Baálé fa fìlà rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ànúolúwapọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní igi náà ní ọ̀rá kan lára, bí ìda oyin, tí ó máa ń bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Kẹrosíìnì ti bó ọ̀rá náà dànù. Igi tó sì ti ń gbé inú òjìji ni wọ́n bọ́ sí ìhòòhò, tí wọ́n ní kó lọ yá oòrùn ọ̀sán. “Ibi tí ọwọ́ yín dé ló jó, Bàbá. Àpá yìí kò ní í parẹ́ mọ́, àmọ́ bí ẹ bá ṣíwọ́, igi náà yóò hù jáde lókè.”

Díákónì dìde. Ó ṣe ẹ̀wù rẹ̀ dáadáa bí ìgbà tó ń lọ sí kóòtù, ó sì fi èdè òyìnbó sọ gbólóhùn gígùn kan, ó jókòó.

“Kí ni Bàbá wí?” ni Kùdírátù bèèrè.

“Mo ní mo dárí jì ọ́,” ni Díákónì wí.

“Kí ni mo ṣe?”

Kùdírátù wá sún mọ́ àga tí igi wà lórí rẹ̀.

“Yorùbá lẹ fi kàn mí lẹ́sùn lójú títì, Bàbá, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ. Ẹ fi Yorùbá dá mi sílẹ̀.”

Díákónì wo Baálé. Baálé ń wo òrùlé. Ó wo Dorcas. Dorcas ń wo òun gan-an, kò sì ṣẹ́jú.

“Èmi ni mo bà á jẹ́,” ni ó wí.

“Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, Bàbá.”

“Mo ní èmi ni. Kẹrosíìnì mi ni. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ rẹ.”

Baálé ní ó tó bẹ́ẹ̀, ó ní àpáta di ti Kùdírátù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kùdírátù kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Baálé nìkan. Lẹ́yìn náà ni ó lọ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́ kù, èyí tí kò tó ìdajì ohun tó rẹ. Nígbà tó fi máa dé orí àpáta, Díákónì ti débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka yẹ ojú àpáta wò bóyá ó mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ẹsẹ̀ yín, Bàbá,” ni Kùdírátù wí. “Ibi tí mo fẹ́ dà á sí lẹ dúró sí.”