Ìdajì Ọ̀rọ̀ Lórí Òkè

Àwọn àgbọ̀nrín ló ni àdúgbò wa ní Glenn Dale nílẹ̀ òyìnbó níbí, àwa kàn ń bá wọn gbé ibẹ̀ ni. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn á yọ láti inú igbó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, wọn á dúró sórí koríko, wọn á máa wò wá lójú fèrèsé bí àlejò tí wọn ò tíì gbé oúnjẹ fún. Lọ́dún tí ìyá wa wá láti Ìbàdàn, gbogbo tẹ̀tẹ̀ àti ewúro tó gbìn ni wọ́n jẹ tán. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò wọ́n.

"Ẹran ń jẹ̀ lójú yín," ó ní, "inú fíríìsà lẹ ti ń lọ ra ẹran. Ẹ sì ń pe ara yín lọ́kùnrin!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú máa ń tètè bí mi, ìyá wa sì mọ ibi tó máa ń fọwọ́ kàn tí mo fi ń fò sókè. Mo ṣàlàyé títí fún un pé èèyàn kì í dédé yìnbọn lẹ́yìnkùlé níbí, pé kí ẹran náà tó ṣubú ni ọlọ́pàá á ti dé. Ó ní òun ti gbọ́. Ohùn tó fi sọ ọ́, mi ò gbàgbé.

Òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ mi, àwa méjèèjì la jọ ń tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe. Ọdẹ ni. Ní gbogbo ìgbà tí ewé bá ti ń pọ́n, yóò gba ìsinmi, yóò wa ọkọ̀ lọ sórí àwọn òkè Colorado lápá ìwọ̀ oòrùn, láti lọ dẹ àgbọ̀nrín, àti èyí tó ju àgbọ̀nrín lọ tí wọ́n ń pè ní ẹ́líìkì. Ẹran yẹn ga tó ẹṣin, ìwo orí rẹ̀ sì yà bí ẹ̀ka igi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá wa fún un kó lè bá mi rẹ́rìn-ín ni. Dípò kó rẹ́rìn-ín, ó ní ká jọ lọ.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á kọ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń wà, Oxon Hill ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì fẹ́ràn òtútù rárá. Àmọ́ mo gbàgbé irú èèyàn tó jẹ́. Lọ́jọ́ Iléyá, kò sẹ́ni tó láyà láti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A máa ń lọ sí oko kan tí wọ́n ti ń ta àgbò, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dú tiwa, yóò sì máa wo àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn tìka-tẹ̀gbin. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "A ó lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, àgbọ̀nrín ni ìbọn ẹ̀gbọ́n mi bà, kò sì sí wàhálà kankan. Òyìnbó náà ní ká jókòó lẹ́yìn tí ìbọn dún, a jókòó. Nígbà tá a fi máa dé ibẹ̀, ẹran náà ti kú. A gé e, a kó o sínú yìnyín, a gbé e wálé tayọ̀tayọ̀. Ìyá wa sè é, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó ti bu tiẹ̀ sínú abọ́ kó tó gbójú sókè.

"Ta ló dú u?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn. "Ó ti kú ká tó dé ibẹ̀, Màámi. Ṣùgbọ́n mo ṣe bísímílà kí n tó yìnbọn. A bi lèmọ́mù wa, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdẹ ṣe rí."

"Lèmọ́mù yín gbọ́n," ni ìyá wa wí. Ó rọra ti abọ́ náà síwájú. "Ẹ̀yin ẹ jẹ ẹ́. Èmi ò jẹ òkú ẹran láti kékeré mi, mi ò ní í dàgbà tán kí n wá bẹ̀rẹ̀." Ó dìde, ó lọ rẹ gààrí.

Mo bínú. Mo ní lọ́kàn mi pé, obìnrin yìí ṣòro! Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wò. Ó rẹ̀ wálẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n dá padà láti ilé ìwé. Ẹni tó ti ń dú àgbò fún gbogbo ìdílé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun náà ló wá gbé òkú ẹran síwájú ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun á padà lọ, pé èyí tí Màámi máa jẹ lòun á mú bọ̀. Ó ra ọ̀bẹ tuntun. Ìgbàkígbà tí mo bá yà sílé rẹ̀, màá bá a níbi tó ti ń pọ́n ọn. Ìró yẹn kì í bá mi lára mu. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀bẹ náà ti mú, ó ní ó lè mú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ewé tún pọ́n, a gbéra. Lọ́nà, òyìnbó náà kìlọ̀ fún wa. Ó ní ẹ́líìkì kì í ṣe àgbọ̀nrín o, pé èyí tó bá dùbúlẹ̀ lè ṣì dìde. "Bẹ́ ẹ bá ti yìnbọn, ẹ jókòó. Ẹ fún un láyè kó kú." Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bó bá kú fúnra rẹ̀, kí la wá ṣe níbí?"

Ẹ̀rù ti ń bà mí látìgbà náà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Òkè yẹn ga débi pé èémí kì í tó èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi á rìn díẹ̀, á dúró, á fọwọ́ ti igi, á máa ṣe bí ẹni tó ń wo ìran, kó má bàa hàn pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ẹyẹ kan tó ń ké. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó náà ń wo ojú ọ̀run lemọ́lemọ́, kò sì sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún wa. Ìkùukùu ti bo àwọn òkè tó wà lókèèrè, a kàn ń rí ìdí wọn ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà," mo wí fún un. "Ojú ọjọ́ yìí ò dáa."

"Màámi ń padà sí Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká ra màlúù fún wọn, kẹ́ ẹ dú u."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kọ́kọ́ bínú nígbà tí wọ́n pè wá lóbìnrin," ó ní. Ó ń lọ síwájú.

Ẹ́líìkì náà yọ sí wa ní òdìkejì ọ̀gbun kan. Akọ ni. Ó jáde láàárín igi, ó dúró, ó gbé orí sókè bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bísímílà, ó sì yìnbọn. Ẹran náà kúnlẹ̀. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ńlá kan. Òyìnbó gbọ́wọ́ sókè pé ká jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ. Ó gbé ìbọn kalẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun. Mo dìde láti tẹ̀ lé e, òyìnbó fà mí ní ẹ̀wù, ó ní kí n má lọ, pé òun lè máa wo ẹran náà láti ibi tá a wà. Ó ní kí n pè é. A rí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ tó ń gòkè lódìkejì. Ibi tó gbà, àpáta bo ẹran náà mọ́ ọn lójú. Àwa ló hàn sí. Etí ẹran náà ń gbọ̀n. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

Mo kígbe. "Ẹ dúró! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!"

Afẹ́fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lóòótọ́, ó yíjú sí wa, ó fi ọwọ́ sétí. Mo tún kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára mi, títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń ta mí: "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Ó na ọ̀bẹ sókè, bí ẹni tó ń sọ pé ó ti gbọ́. Ó yípadà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó sáré sí ẹran náà. Mi ò mọ ohun tó ṣe é.

A rí i tó di ìwo náà mú. Ó ń yí orí ẹran náà sí ìlà oòrùn, sí kíbúlà, bó ṣe máa ń yí ti àgbò. Ìgbà yẹn ni ẹ́líìkì náà dìde. Àwọn méjèèjì jọ yí lọ sẹ́yìn àpáta ni, a ò sì rí wọn mọ́.

Nígbà tá a débẹ̀, ẹran náà ti kú. Ó ti dú u. Ọ̀bẹ náà ti gba ibi tó yẹ kó gbà, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn ti igi, ó fọwọ́ di ìhà rẹ̀ níbi tí ìwo ti gún un, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Òyìnbó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi tẹ ojú egbò náà. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń ránṣẹ́ níbi tí fóònù ò ti ṣiṣẹ́, ó fi ké sí àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìkùukùu ti sọ̀ kalẹ̀ lé wa lórí. A gbọ́ ìró hẹlikópítà lókè, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. A ò gbọ́ ọ mọ́. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

"Mo gbọ́ ẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó débẹ̀. Mo ti fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó o ń kígbe, 'Ẹ dú u! Ẹ dú u!' Ọkàn mi wá balẹ̀. Mo ní àbúrò mi ń wò ó, ó mọ̀ pé ó ti tó ká dú u."

Ìdajì ọ̀rọ̀ mi ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ìyókù lọ. Òyìnbó ń wò mí, kò gbọ́ ohun tá à ń sọ, inú mi ò dùn rí bó ṣe dùn pé kò gbọ́ Yorùbá. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé dúró ni mo wí. Mo wo ojú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n," mo wí. "Ẹ dú u dáadáa."

"Sọ fún Màámi." Ó mí. "Sọ fún wọn pé ó ṣì wà láàyè."

Mo ń ka kálímà sí i létí, ó ń kà á tẹ̀ lé mi, títí tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló ń kà á. Àwọn tó ń bọ̀ fẹsẹ̀ gòkè wá bá wa níbẹ̀ nígbà tí yìnyín ti bo ẹran náà lára.

A gbé ẹ̀gbọ́n mi wálé, a sin ín. Òyìnbó náà ò mọ ohun tí ì bá ṣe, ló bá gbé ẹran náà wá nínú kúlà, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń sunkún. Mo fẹ́ dà á nù. Ìyá wa gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ó sè é. Ó bù ú sínú abọ́, ó jókòó, ó gbójú sókè wò mí.

"Ta ló dú u?"

"Ọmọ yín ló dú u, Màámi. Ó ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n dú u."

Ó jẹ ẹ́. Omijé ń dà sínú abọ́ náà, ó ń jẹ ẹ́, kò fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìgbà tó padà sí Ìbàdàn ni wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé kì í jẹ ẹran kankan mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti tó wa mọ́tò báyìí. Èmi ni mò ń kọ́ ọ, ní àwọn òpópónà tó dákẹ́ ní Springdale. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ló bá jẹ́ pé àgbọ̀nrín kan bọ́ sójú títì. Kò rí i.

"Stop!" mo kígbe.

Ó tẹ bíréèkì, àwa méjèèjì fì síwájú. Àgbọ̀nrín náà wò wá, ó rìn kọjá. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín.

"Uncle, you always say stop," ó ní. "Daddy used to say dúró. Ẹ jọ̀ọ́, say it like Daddy."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi lódindi. Mo gbé ojú sí ibi tí àgbọ̀nrín náà wọgbó sí, mo sì ní kó máa wa ọkọ̀ lọ.