Ọ̀nà tí Bàbá Mítà Pa Rẹ́

Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ti ilẹ̀kùn láti ìta láàárọ̀, bàbá náà a fi ìka méjì tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá iná wà nínú wáyà. Kì í ṣí. A wá fi etí aṣọ nu ibi tó fọwọ́ kàn.

Bàbá Mítà ni àdúgbò ń pè é. Mítà iná ló ń kà láti ojúlé dé ojúlé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan ó ṣìnà, ẹni tí kò mọ̀ rí ló mú un wálé. Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Fóònù ló kù fún un. Àwòrán ilẹ̀ kan wà lórí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Bàbá ń fi orúkọ sí òpópónà, ó ń yọ ilé tó ti wó kúrò. Ibẹ̀ ló ti ń rìn.

Àjèjì kan tó ń gbé lókè òkun wá fa ọ̀nà kan sórí àwòrán náà, ó gba ẹ̀yìn ilé wọn já sí títì. Bàbá pa á rẹ́. Àjèjì náà tún un fà, ó ní òun rí i nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run.

Bàbá kọ̀wé sí i: "Ògiri ló wà níbẹ̀. Ibí ni wọ́n bí mi sí. Ṣé àṣá ló máa júwe ilẹ̀ fún adìẹ?"

Ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní, iwájú ilé ló kọjú sí. Bí ọ̀nà bá wà lẹ́yìn lóòótọ́, a jẹ́ pé orí òun ti ń jò, a jẹ́ pé ọmọ òun ló jàre bó ṣe ń tìlẹ̀kùn.

Nígbà tí ọmọ náà dé, kò tíì bọ́ bàtà tí bàbá fi bi í:

"Ògiri ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

"Ẹ jẹun ná, Bàbá."

"Mi ò béèrè oúnjẹ."

Ó tú gèlè, ó ká a, ó tún un ká.

"Wọ́n ti wó o. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ ó jókòó?"

Bàbá wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbọ́dọ̀ dá ọ̀nà rẹ̀ padà. Mi ò sì lè fa ohun tí mi ò rìn."

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Bàbá yí i, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ dúró, kí n tẹ̀lé yín."

"Jẹun ná," ni bàbá wí.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ó fọwọ́ kan kùkùté ògiri náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ̀nà títì lọ.