Lẹ́ẹ̀kan, Akọrin Tí Kì í Kọrin Kan Náà Fún Èèyàn Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ tí Lẹ́ẹ̀kan lé onílé jáde kúrò nínú ilé onílé ni àwọn ará àdúgbò ṣì fi ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín títí dòní. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan wà lábẹ́ ilé búrẹ́dì ìyàwó Lẹ́ẹ̀kan, níbi tí wọ́n ń to àpò ìyẹ̀fun sí. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti máa ń ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi: Oníṣẹ́-iná ń ta gìtá, Káfíńtà ń lùlù, Lẹ́ẹ̀kan fúnra rẹ̀ ń kọrin. Orin tí àwọn ìyá àgbà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni wọ́n máa ń mú, wọn á wá fi gìtá oníná gbé e bí ẹni tó ń bá ilẹ̀kùn jà. Lọ́jọ́ náà, yàrá kún. Orin ti dé ìdajì kí Lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́ lójijì, tó na ìka sí àárín èrò.

"Bàbá onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Èmi?"

"Ẹ ti gbọ́ èyí lóṣù tó kọjá. Orí àpò tó wà lápá ọ̀tún yẹn lẹ jókòó sí."

"Ilé ta lo ti ń lé mi?"

"Ilé yín ni, sà. Orin ni kì í ṣe tiyín mọ́."

Onílé jáde, ó ń kùn. Lẹ́ẹ̀kan kò tíì ṣe tán. Ó tún wojú èrò, ó yọ aránṣọ, ó yọ ọkọ aránṣọ, ó yọ gbogbo àwọn tó jókòó níwájú, nítorí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló ti gbọ́ ọ jù. Nígbà tó fi máa yọ wọn tán, ẹni tó kù nínú yàrá ò ju ọkùnrin kan tó gbé ìyẹ̀fun wá lọ, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé eré ń lọ. Òun ni wọ́n ṣe gbogbo eré ọjọ́ náà fún. Orin kejì ni oorun ti gbé e lọ.

Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Òfin rẹ̀ ni pé èèyàn kan kò gbọdọ̀ gbọ́ orin kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́nu òun. Ó lè gbàgbé ibi tó bọ́ bàtà sí, ó lè pe ọmọ àkọ́bí rẹ̀ ní orúkọ àbíkẹ́yìn, ṣùgbọ́n etí tó bá ti gbọ́ orin rẹ̀, kò jẹ́ gbàgbé olúwarẹ̀. Bí èèyàn bá bi í léèrè ìdí, á ní, "Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Bí mo bá tún un sọ, mo ti di alágbe."

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: ìwà òpè gbáà ni. Ẹni tó ń tajà kì í lé oníbàárà tó padà wá. Ìyàwó rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì, sọ èyí fún un títí tó fi sú u. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, "Bàbá wọn, bí èmi náà bá ń ta búrẹ́dì fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kí la máa jẹ?" Ọkọ rẹ̀ á gé búrẹ́dì sẹ́nu, á ní, "Ìyẹn lo fi ń ṣe búrẹ́dì, témi fi ń kọrin."

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ẹ sì mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ pálọ̀ fún un. Lẹ́ẹ̀kan kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń múra àtilọ.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí, "ọ̀dà àtijọ́ ṣì ń yọjú lábẹ́ tuntun."

"Mo rí i, sà."

"Ṣé ẹ ò ní tún un kùn ni?"

"Mo ti sọ fún ògiri yín lẹ́ẹ̀kan, sà. Bó bá fẹ́ gbọ́, ó ti gbọ́."

Akunlé mìíràn ni ọ̀gá ilé-ìwé pè wá parí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo oníbàárà ń ṣe, tó fi jẹ́ pé búrẹ́dì ìyàwó ló bọ́ ilé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ọkùnrin náà sì ń rìn káàkiri bí ọba.

Èyí tó dun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jù ni ti ilé agbohùnsílẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù gbúròó wọn, ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Ó gba oṣù gbáko kí Oníṣẹ́-iná tó yí Lẹ́ẹ̀kan lọ́kàn padà, ìlérí pé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kọ ọ́ ló sì mú un gbà. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ wọn, wọ́n wọ yàrá onígíláàsì, wọ́n kọ orin kan tó jẹ́ pé akọ̀wé ibẹ̀ gbàgbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá pàápàá pàtẹ́wọ́.

"Ó dùn! Ó dùn kọjá sísọ! Ẹ jẹ́ ká tún un mú díẹ̀, ẹnì kan wúkọ́ láàárín."

"Ta ló wúkọ́?" Lẹ́ẹ̀kan bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti wú u nìyẹn."

Ló bá gbé gìtá Oníṣẹ́-iná sápò. Káfíńtà sunkún nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi délé, ó ń sọ pé, "Ikọ́! Ikọ́ lásán-làsàn!" Lẹ́ẹ̀kan jókòó tì í, ó ń wo ojú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó. Láti ọjọ́ náà ni Oníṣẹ́-iná ti ń fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré pamọ́ sí abẹ́ ẹ̀mú àti wáyà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, á sì gbé àpótí náà sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n bá ń ṣeré. Lẹ́ẹ̀kan kú láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ti Ìyá Oníbúrẹ́dì le ju ti gbogbo wọn lọ. Inú ilé ìdáná rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀dá orin, nítorí náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ ló sì jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń po ìyẹ̀fun, ààrò ń hó gùù lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fara ti ilẹ̀kùn, ó ń kọrin kan tó dá lórí ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. Obìnrin náà mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ariwo ààrò sì gbé ìyókù lọ.

"Bàbá wọn, ẹ tún un kọ."

"O ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn ni tìẹ."

Ó rò pé eré ni. Ó bínú, kò se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún se é lọ́jọ́ kejì nígbà tí ìbínú ò da nǹkan kan. Ó sọ fún un pé ẹni tó gbọ́ ìdajì kò tíì gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan ní kó kọ ibi tó gbọ́. Aláìgbọ́n obìnrin bá kọ ọ́ sókè. Lẹ́ẹ̀kan ní, "Ṣé o rí i? O mọ̀ ọ́n." Bí wọ́n bá wá ń kọ orin náà fún àwọn èèyàn nísàlẹ̀, òun á lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ó ti sọ fún Káfíńtà pé bí orin yẹn bá dé, kó lu ìlù náà bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Èèyàn tó burú bẹ́ẹ̀, ẹ wá sọ fún mi bó ṣe jẹ́ tí obìnrin náà ò fi lè kọ̀ ọ́. Ó bá a gbé títí tí irun àwọn méjèèjì fi funfun, ó sì ń fẹ́ gbọ́ ìyókù orin yẹn lójoojúmọ́.

Nígbà tí àìsàn mú Lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀sì bi í ní orúkọ, ó sọ ọ́. Dókítà dé, ó tún bi í. Lẹ́ẹ̀kan nawọ́ sí nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ wọn." Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nínú ọ́síbítù. Láìpẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin náà sùn tí kò jí mọ́. Káfíńtà kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ìyẹ̀fun gba yàrá abẹ́ ilẹ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan fún ọdún gbọọrọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Oníṣẹ́-iná darúgbó, ó mú kásẹ́ẹ̀tì tó fi gba orin wọn sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ wá wo ariwo! Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbé búrẹ́dì sínú ààrò nígbà tí ọmọ náà kígbe lórí afẹ́fẹ́ pé, "A ti ṣàwárí wọn!"

"Ṣàwárí?" ni obìnrin náà wí fún rédíò. "Ta ló sọnù?"

Wọ́n ní orin abẹ́lẹ̀ ni, wọ́n ní ìtumọ̀ abẹ́lẹ̀ yẹn jinlẹ̀. Ìtumọ̀ wo? Onílé ló ní ariwo ò gbọdọ̀ dé òkè. Wọ́n ní Lẹ́ẹ̀kan mọ̀ọ́mọ̀ sá fún òkìkí ni. Irọ́ ni, ikọ́ ló wú. Àwọn tí kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ rí láyé wá di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Onílé ń fọ́nnu kiri pé, "Èmi gan-an ló kọ́kọ́ lé jáde!" Ọ̀gá ilé-ìwé sì gbé ọ̀bẹ, ó ń ha ọ̀dà akunlé kejì kúrò lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, kí àlejò lè rí iṣẹ́ ọwọ́ Lẹ́ẹ̀kan. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá wá kí Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó wọ kóòtù wá sínú ooru ilé búrẹ́dì, òógùn bò ó, kò sì bọ́ ọ.

"Màmá, a fẹ́ gbé orin náà jáde fún gbogbo ayé, kí wọ́n máa gbọ́ ọ nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹ̀yin la fẹ́ kó fọwọ́ sí i."

"Nígbà tó bá wù wọ́n? Ọkọ mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Màmá, ohùn wọn ń fi ìdààmú ọkàn ọmọ ènìyàn hàn láàárín ayé tó ń—"

"Ṣé orin ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀?"

"Gbogbo wọn pátá, Màmá, ló ń fi ìdààmú—"

"Mo ní, ṣé ti ìyẹ̀fun wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀. "Ó wà, Màmá."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ìyẹ̀fun. Ẹ̀rù bà á. Bó bá gbọ́ ọ, ó ti tàpá sí òfin kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ní. Bí kò bá gbọ́ ọ, àwọn aláròyé rédíò ni yóò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nípa rẹ̀, òun nìkan ni kò ní mọ̀. Ó lọ pa ààrò. Búrẹ́dì ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀, kò tíì jinná, obìnrin náà kò sì pa ààrò fún ẹnikẹ́ni rí.

"Gbé e sí i," ló wí.

Bí ohùn Lẹ́ẹ̀kan ṣe jáde báyìí, ẹsẹ̀ obìnrin náà ti ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí Lẹ́ẹ̀kan ní kó jáde. Ó ti dé ìdajì yàrá kó tó mọ̀. Ó bú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó padà, ó fi ọwọ́ ìyẹ̀fun fa àpótí ìjókòó, ó jókòó. Ìlù Káfíńtà ń dún lókèèrè bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ẹsẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan ni àpótí irinṣẹ́ wà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde kedere. Ìbẹ̀rẹ̀ kọjá, èyí tó mọ̀. Ìyókù wá dé:

Mo kunlé onílé, n ò padà wò ó,
Mo kọrin tán, n ò tún un kọ,
Kò sóhun tí mo ṣe rí tí mo tún ṣe,
Àfi kí n jáde láàárọ̀,
Kí n tún padà wá bá ọ.

Orin parí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ la ẹnu láti ṣàlàyé rẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ ìyẹ̀fun sí i, ó pa ẹnu náà dé.

"Ọkùnrin yìí!" ló wí. "Ọkùnrin burúkú yìí! Ó wà lẹ́nu rẹ̀ látijọ́, ó wá ní kí wọ́n lu ìlù lé e lórí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú.

"Màmá, ṣé ẹ gbà ká gbé e jáde?"

"Ẹ gbé e jáde. Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Tún èyí gbé sí i fún mi ná."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán ni, Màmá."

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kí o tún un gbé sí i."

Ọmọ náà tún un gbé sí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà kejì yìí ló sì tó wá sunkún.